Ọjọ́ Tí Khuyên Kò Gbọdọ̀ Sunkún

Ẹ bá wá sí etí adágún Hoàn Kiếm láàárọ̀, ẹ máa rí i. Obìnrin kúkurú kan ni, akẹtẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó ń kó àlejò gba àárín ọ̀kadà kọjá títì bí ẹni ń rìn nínú yàrá ara rẹ̀. Kì í sáré, kì í dúró, kì í sì í wẹ̀yìn. "Ẹ má wo ọ̀kadà, èmi ni kí ẹ máa wò," ló máa ń sọ fún wọn. Wọ́n á di aṣọ rẹ̀ mú, àwọn mìíràn á dijú pátápátá, wọ́n á sì gúnlẹ̀ sódìkejì láàyè. Khuyên nìyẹn. Èmi Lẫm ni mò ń wa mọ́tò fún un. Láàárọ̀, òun á fi ẹsẹ̀ mú wọn yí Hanoi ká. Lọ́sàn-án, èmi á gbé gbogbo wọn lọ sí abúlé rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń rán akẹtẹ̀.

Kí n má parọ́, mi ò fẹ́ràn àlejò. Kò sóhun tí wọn kì í yà ní fọ́tò, títí kan imú mi. Wọ́n á ní kí n dúró láàárín títì nítorí pé wọ́n rí adìẹ nínú agbọ̀n, bí ẹni pé kò sí adìẹ níbi tí wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn Khuyên bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn àbúrò tó gbọ́n jù ú lọ. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ̀lú, ọ̀pá ló gbé léjìká, agbọ̀n ọsàn níwájú, agbọ̀n ọsàn lẹ́yìn, ó ń kiri láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹnu àwọn àlejò tó ń ra ọsàn lọ́wọ́ rẹ̀ ló ti kọ́ èdè òyìnbó, gbólóhùn kan lónìí, òmíràn lọ́la. Ọkọ rẹ̀ lọ sí gúúsù, kò padà. Khuyên ò bímọ fún un, kò sì tún dárúkọ rẹ̀ létí mi rí. Ìyá rẹ̀ ló kù fún un. Ìyá yìí ló máa ń jókòó lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, tó máa ń kọ́ àwọn àlejò bí a ṣe ń rán akẹtẹ̀, tó sì máa ń gbá wọn lọ́wọ́ bí wọ́n bá rán an wọ́. Àwọn àlejò fẹ́ràn kó máa gbá wọn lọ́wọ́. Nítorí ọwọ́ gbígbá yẹn nìkan ni àwọn mìíràn ṣe ń wá.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ìgbéyàwó wà lábúlé. Duẩn, ọmọ Toản tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Khuyên, ló fẹ́ gbé Ngần níyàwó. Àlejò kan ṣoṣo la sì ní, Màdáámù Perpetua, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá láti orílẹ̀-èdè Philippines. Ẹnì kan ti dẹ́rù bà á pé olè pọ̀ ní Hanoi, ló bá ń di àpò ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà bí ọmọ ìkókó. Khuyên ti ṣèlérí fún un pé á jẹun níbi ìgbéyàwó, àti pé kí ìyàwó tó dé, ìyá á kọ́ ọ ní akẹtẹ̀ rírán. Inú Màdáámù dùn débi pé ó ti ra abẹ́rẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

A ń mu kọfí létí adágún nígbà tí fóònù Khuyên dún. Ó gbọ́ ọ, ó gbọ́ ọ. "Ẹ̀n," ló sọ. "Ẹ̀n. Mo ti gbọ́." Ó da ojú fóònù dé orí tábìlì. Màdáámù Perpetua ti dìde, ó ń ya fọ́tò ilé gogoro kékeré tó wà láàárín omi. Khuyên wá bá mi létí mọ́tò, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá Lẫm, ẹ má yíjú padà o. Màámi ti kú."

"Kí lo wí?"

"Wọ́n ti kú. Láàárọ̀ yìí, lójú oorun. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́, àlejò ń wò wá."

Mo gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Eyín ni mo kàn là síta bí ewúrẹ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìgbéyàwó kì í wọ ilé tí ọ̀fọ̀ bá wà. Bí wọ́n bá ti kéde ikú báyìí, tí aṣọ funfun ti gun orí àwọn ọmọ, ìyàwó ò lè wọlé mọ́ títí ọ̀fọ̀ á fi tán. Ó lè gba ọdún kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí àwọn àgbà ilé náà bá le. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí a máa ń gbà. Ikú tí ẹnikẹ́ni ò tíì kéde, a kì í tíì kà á sí ikú. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ òkú, ẹnì kankan ò ní sunkún, wọ́n á sáré gbé ìyàwó wọlé, á forí balẹ̀ níwájú pẹpẹ àwọn baba ńlá. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tó ṣílẹ̀kùn, tí ẹkún á sọ. Sísá ṣáájú ọ̀fọ̀ la ń pè é. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ìdílé ìyàwó mọ̀ sí i, wọ́n á sì gbà, nítorí pé ikú ò yọ ilé ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Bàbá Ngần ò ní gbà, gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò fẹ́ Duẩn látilẹ̀wá, ó ní ọmọ olówò ewé akẹtẹ̀ ò tó ọmọ òun. Láti ọjọ́ ìdána ló ti ń wá ohun tó máa fi tú u ká. Bẹ́ẹ̀ Ngần ti lóyún. Bí bàbá yìí bá gbọ́ pé òkú wà nílé, á fa ọmọ rẹ̀ padà sílé, wọ́n á ní kó dúró títí ọ̀fọ̀ á fi tán, ọmọ á sì wáyé sílé bàbá ìyá rẹ̀ láìní ilé baba tó máa kà á kún ara wọn. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn.

"Màámi fúnra wọn ló sọ ọ́," Khuyên wí. "Wọ́n ní bí àwọn bá kú ṣáájú ọjọ́ ìgbéyàwó, kí á ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn, kí á lọ mú ìyàwó wá. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dé lásìkò tí mo máa ń dé, kí n mú àlejò dání, kí n máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí mo bá sáré dé, àwọn ará àdúgbò á fura."

"Ṣé wàá lè ṣe é?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ bá mi ra aṣọ funfun, ti ọ̀fọ̀. Ẹ fi í pa mọ́ sí búùtù, sábẹ́ táyà. Bí a bá rà á lábúlé, wọ́n á mọ̀." Ó nu ojú rẹ̀ bí ẹni pé òógùn ló ń là á. Ó wá yíjú sí àlejò. "Màdáámù! Ẹ jẹ́ ká máa lọ, oòrùn ti ń mú."

Mo ra aṣọ náà lẹ́yìn ọjà Đồng Xuân. Obìnrin tó tà á fún mi ní, "Ẹ kú àmúmọ́ra o," mo sì dá a lóhùn pé kì í ṣe tèmi, bí òmùgọ̀. Nígbà tí mo fi máa bá wọn ní òpópónà Hàng Mã, wọ́n ti dúró síwájú ìsọ̀ kan. Òpópónà yẹn, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, àtùpà pupa ti ìgbéyàwó ló wà lápá kan, nǹkan bébà tí a ń sun fún òkú ló wà lápá kejì: ilé bébà, ẹ̀wù bébà, fóònù bébà pàápàá. Màdáámù Perpetua ti mú bàtà bébà kékeré kan, aláwọ̀ ewé, tí wọ́n fi òdòdó sí lára.

"Ó mà wuyì o! Ta ló ń wọ eléyìí?"

Ojoojúmọ́ ni Khuyên ń dáhùn ìbéèrè yìí. Mo ti gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ débi pé mo lè sọ ọ́ lójú oorun.

"Ti àwọn ìyá àgbà tó ti lọ ni. A máa ń sun ún fún wọn, kí ẹsẹ̀ má baà dùn wọ́n lọ́hùn-ún." Ohùn rẹ̀ ò yí padà rárá. Ṣùgbọ́n ó gba bàtà náà lọ́wọ́ àlejò, ó tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń fi ìka wọn gígùn rẹ̀.

Ẹni tó ni ìsọ̀ náà yọjú. "Khuyên! Ìyá ńkọ́? Ẹ bá mi kí wọn o, ẹ ní mo ń bọ̀ wá gba akẹtẹ̀ mi!"

"Wọ́n á gbọ́," ni Khuyên wí.

Ibi tí àṣírí ti fẹ́ tú ni iwájú. Ní ìkóríta, obìnrin kan wà tó ń ta trầu, ewé tí àwọn ìyá wa máa ń jẹ tí ẹnu wọn fi ń pọ́n. Gbogbo ìgbà tí a bá ń lọ sábúlé ni Khuyên máa ń ra tìyá rẹ̀ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun náà ò mọ̀. Ó ti sanwó, wọ́n ti wé ewé náà lé e lọ́wọ́, kó tó rántí. Ó kàn dúró sójú kan. Ọ̀kadà ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀, kò kúrò. Obìnrin tí kì í dúró láàárín títì!

"Ti màmá ni?" Màdáámù Perpetua béèrè.

"Ti màmá ni."

Mo yíjú sí ọlọ́kadà tó ń fọn fèrè, mo bú u, mo bú bàbá rẹ̀, mo bú ẹni tó ta ọ̀kadà fún un. Ọmọkùnrin náà ò ṣe mí ní nǹkan kan. Mi ò kàn mọ ohun tí mo lè ṣe ni.

Nínú mọ́tò, àlejò wa ò dákẹ́. Ó fẹ́ mọ ọjọ́ orí màmá, ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, bóyá ojú wọn ṣì ríran. Khuyên ń dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a kọjá afárá, ó sọ pé ara màmá ò fi bẹ́ẹ̀ yá lónìí, pé ó jọ pé wọn ò ní lè kọ́ni ní akẹtẹ̀.

"Kí ló ń ṣe wọ́n?"

"Ó rẹ̀ wọ́n ni. Wọ́n ń sùn."

"Jẹ́ kí n yẹ̀ wọ́n wò. Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe nìyẹn."

"Ẹ má ṣe wàhálà, mà. Àlejò lẹ jẹ́."

Mo wo Màdáámù Perpetua nínú dígí. Ẹ̀yìn orí Khuyên ló ń wò, kò wo oko ìrẹsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà mọ́, kò sì ya fọ́tò kankan. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ já mi láyà.

Orin ti ń dún kí a tó dé. Wọ́n ti ta àtíbàbà síwájú ilé Toản, sípíkà méjì ń han bí ẹni tí wọ́n ń lù. Ẹni tó kọ́kọ́ pàdé wa ni Ìyá Nụ, ará ilé kejì, obìnrin tó mọ ohun tí ẹ jẹ lánàá kí ẹ̀yin fúnra yín tó rántí.

"Khuyên ti dé pẹ̀lú òyìnbó ẹ̀! Òyìnbó yìí mà dúdú díẹ̀ o, ṣé wọ́n ti tán lọ́jà ni?"

"Ìyá Nụ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ á wọlé."

"Wọlé kẹ̀? Ìyá yín ńkọ́? Láti àárọ̀ mi ò rí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé ọbẹ̀ wá fún wọn, Toản fi ara dí ọ̀nà mọ́ mi bí ọlọ́pàá."

"Òtútù ló mú wọn, mà."

"Òtútù? Nínú ooru yìí?"

"Òtútù àgbà ni."

Ìyá Nụ wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. Ó wá rántí ọtí bíà tí Khuyên ṣèlérí láti ìlú, ó sì ti dé ẹ̀yìn mọ́tò kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Bíà ló yẹ kó gbé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin yẹn kì í gbé ohun tó yẹ. Ó ti fa etí ọ̀rá kan yọ lábẹ́ táyà.

"Kí ni funfun yìí?"

"Àkísà tí mo fi ń nu mọ́tò ni," mo wí.

"Àkísà tó funfun báyìí? Mọ́tò tó dọ̀tí báyìí?"

Àwọn ọkùnrin tó ń to àga bú sẹ́rìn-ín. Mo já ọ̀rá náà gbà. "Ẹ jẹ́ kí n tún rí ọwọ́ yín nínú búùtù mi! Ọtí lẹ wá mu, àbí ẹ wá ṣe àyẹ̀wò?" Mo pariwo ju bó ṣe yẹ lọ. Ó yọ ṣùtì sí mi, ó sì gbé bíà lọ. Mo gbé aṣọ náà sórí àga iwájú mọ́tò, mo sì jókòó lé e lórí.

Toản jáde wá. Ó wọ kóòtù, ó so táì, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wò ó pé èéfín iná ìdáná ló kó sí òun lójú. Òun àti Khuyên ò dì mọ́ra. Wọ́n kàn dúró tira wọn díẹ̀. "Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kò sẹ́ni tó wọlé." Ó wá lọ bá àwọn tó fẹ́ lọ mú ìyàwó, nítorí pé wákàtí tí wọ́n yàn ti ń sún mọ́lé. Ilé Ngần ò jìnnà, ìpẹ̀kun abúlé náà ni, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi lọ, pẹ̀lú àwo trầu àti tíì tí wọ́n fi aṣọ pupa bò.

Ariwo wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jìnnà lọ ni Khuyên wo àga tí àlejò wa jókòó sí. Kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀.

"Bọ̀dá Lẫm, màdáámù dà?"

"Wọ́n béèrè ilé ìtọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ní kí wọ́n gba ẹ̀yìn."

Ó ti ń gba ẹ̀yìn lọ, mo tẹ̀lé e. Ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ń sá ewé akẹtẹ̀ sí, yàrá ìyá ní ilẹ̀kùn kékeré kan síbẹ̀, tí wọ́n fi igi lásán kọ́. Toản ti iwájú pa, ó gbàgbé ẹ̀yìn. Ta ló máa rántí? Ilẹ̀kùn yẹn kì í tì láyé.

A bá ilẹ̀kùn náà ní ṣíṣí. Màdáámù Perpetua jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ wà lọ́wọ́ kan, ó fi ìkejì di ọwọ́ ìyá mú. Àpò tí kì í gbé sílẹ̀ wà nílẹ̀. Mo fa ilẹ̀kùn mọ́ ara, mo fi ẹ̀yìn tì í.

"Ọwọ́ wọn ti tutù tipẹ́," ó wí. "O mọ̀."

"Mo mọ̀, mà."

"Láti àárọ̀ lo ti mọ̀. Nígbà tí ò ń ṣàlàyé bàtà fún mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ má pariwo." Khuyên kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ lásán. Ó sọ ohun gbogbo fún un, oyún, bàbá Ngần, ọ̀rọ̀ tí ìyá fi sílẹ̀, ó sọ ọ́ kíá kíá, kò sì wo ibùsùn rárá. Mo rí i pé bó bá wò ó, ó ti tán nìyẹn.

Àlejò náà gbọ́ ọ tán. "Ta ló ti ń jókòó tì wọ́n láti àárọ̀?"

"Kò sẹ́ni. Bí èèyàn bá ń wọlé tó ń jáde, wọ́n á fura."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan?" Ó bínú. Ó bínú gan-an. "Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fi òkú sílẹ̀ lóun nìkan, bí a bá tiẹ̀ máa pín oorun sùn. Ó dáa. Ẹ lọ gbé ìyàwó yín. Èmi wà níbí."

Mi ò ní purọ́, láti ọjọ́ yẹn, bí àlejò bá ní kí n dúró nítorí adìẹ, mo máa ń dúró.

Wọ́n mú ìyàwó dé. Ngần wọ aṣọ pupa gígùn, ó rẹwà, ojú rẹ̀ sì funfun bí ẹni tí kò sùn. Bàbá rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin gbígbẹ kan tó ń wo àtíbàbà, tó ń wo àga, tó ń wo bàtà àwọn èèyàn, bí ẹni wá ra ilé náà ní ẹ̀dínwó. Toản bu tíì fún un, ó gbà á. Toản tan tùràrí, ó ní kí àwọn ọmọ méjèèjì wá síwájú pẹpẹ. Ngần ti gbẹ́sẹ̀ kan.

"Ẹ dúró ná," bàbá rẹ̀ wí. "Ìyá àgbà ńkọ́?"

"Ara wọn ò yá," ni Toản wí.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ọmọ tèmi ò ní forí balẹ̀ fún òkú kó tó kí alààyè. Ẹ jẹ́ á kọ́kọ́ wọlé kí wọn."

"Wọ́n ń sùn."

"A ó jí wọn." Ó gbé ife tíì sílẹ̀, ó dìde, ó kọjú sí ilẹ̀kùn yàrá náà. Ìyá Nụ ti yọ ọrùn. Toản dúró láàárín ilé, kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí kọ́kọ́rọ́. Duẩn ń wo bàbá rẹ̀. Mo ní ó ti parí.

Màdáámù Perpetua ló gba ẹ̀gbẹ́ ilé yọ, ó rìn wá dúró síwájú ilẹ̀kùn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ohùn ọkùnrin náà ló gbọ́. Ó sọ̀rọ̀ lédè òyìnbó, Khuyên sì ń túmọ̀.

"Wọ́n ní nọ́ọ̀sì làwọn. Wọ́n ní àwọn ti yẹ màámi wò." Ó yíjú sí bàbá Ngần. "Wọ́n ní ibà tó ń ranni ló mú wọn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé lónìí."

"Nọ́ọ̀sì láti ibo? Ta nìyí?"

Màdáámù Perpetua ò dúró gbọ́ ìtumọ̀. Ó na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ ọkùnrin náà mú, ó tẹjú mọ́ aago rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ kan.

"Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ yín ń sáré jù, sà. Wọ́n ní kí ẹ jókòó."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá Ngần jókòó, kò mọ ìgbà tó jókòó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mí ni Ngần sọ̀rọ̀.

"Màá kí wọn lẹ́nu ọ̀nà nígbà náà."

Kí ló kù tí a lè sọ sí i? Ó rìn lọ síwájú ilẹ̀kùn tó wà ní títì, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ pupa rẹ̀. Ẹnì kan yí orin sílẹ̀. "Ìyá àgbà," ó wí, "èmi Ngần ni. Mo ti dé."

Ó fi ìka kan ilẹ̀kùn.

"Ìyá àgbà, mo wá kí yín."

Mo gbọ́ bí tùràrí ṣe ń jó. Bàbá Ngần ti na ọrùn, ó rọra ń dìde padà. Mo wá Khuyên lójú, mi ò rí i. Màdáámù Perpetua náà ń wò yíká.

Ìgbà náà ni ẹnì kan wúkọ́ nínú yàrá. Ohùn ìyá tẹ̀lé e, ohùn gbígbẹ yẹn, tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà yẹn láìmọye ìgbà.

"Ta nìyẹn? Ngần? Káàbọ̀, ọmọ mi. Ilé rẹ lo dé yìí. Lọ kí àwọn baba ńlá, kí o jẹun dáadáa. Má wọlé o, kí n má kó àrùn ràn ẹ́."

Gbogbo irun ara mi dìde. Toản di ògiri mú. Ó ṣe díẹ̀ kí n tó lóye pé ọ̀fun ìyá ni Khuyên gbé wá sáyé, pé ó ti gba ẹ̀yìn wọlé, àti pé ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ìyá rẹ̀ nínú òkùnkùn yẹn, ó ń fi ohùn ìyá rẹ̀ kí ìyàwó.

Ngần ò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó forí kan ilẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó pẹ́ débi tí ẹ̀rù tún bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Ó wá dìde, ó lọ dúró ti Duẩn. Wọ́n mú tùràrí, wọ́n forí balẹ̀ níwájú pẹpẹ, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá rẹ̀ gbé tíì rẹ̀, ó mu ún. Ó ti tutù.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán ni Toản bọ́ kóòtù rẹ̀, ó dúró láàárín ilé, ó sì sọ ọ́. Mi ò ní gbàgbé ojú bàbá Ngần. "Ẹ tàn mí!" ló ń pariwo, "ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ tàn mí!" Àgbà abúlé kan di í lápá mú, ó ní ọmọ ti forí balẹ̀, ọmọ ti di ti ilé yìí, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe báyìí? Ó wo Ngần. Ngần ti na ọwọ́ gba aṣọ funfun tí mo ti lọ gbé wá lọ́wọ́ mi, ó ń dì í mọ́ orí ara rẹ̀. Ọkùnrin náà ta àga nù, ó jáde, kò sì kí ẹnikẹ́ni. Oṣù mélòó kan kọjá kó tó tún gba ojú ọ̀nà ilé náà kọjá.

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Ẹkún sọ. Ìyá Nụ ló ké jù, ó ń sọ pé òun ti mọ̀, òun ti mọ̀ láti orí òtútù yẹn. Toản dojú bolẹ̀, ó ń ké bí ọmọdé. Khuyên nìkan ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn láìsunkún. Wọ́n di aṣọ funfun mọ́ ọn lórí, ó jẹ́ kí wọ́n dì í. Wọ́n ní kó jókòó, ó jókòó. Mo gbọ́ tí àwọn obìnrin ń sọ lẹ́yìn mi pé ẹ wo ọmọ tí ìyá fẹ́ràn jù, ojú rẹ̀ gbẹ. Ó ṣe mí bíi pé kí n gbá gbogbo wọn létí. Ó ti gbé ẹkún náà mì láti òwúrọ̀, ó ti fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀, kò sì mọ bó ṣe máa pọ̀ ọ́ jáde mọ́. Màdáámù Perpetua fọwọ́ pa á lẹ́yìn, kò yí padà.

Ngần wá kúnlẹ̀ tì í.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ dáhùn."

Khuyên wò ó.

"Ìyá àgbà ò pè mí ní Ngần rí. Láti ọjọ́ tí Duẩn ti mú mi wá síbí, 'Ẹlẹ́sẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ' ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá ti yọ báyìí, wọ́n á ní, 'Ẹlẹ́sẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ, má tẹ ewé mi mọ́lẹ̀!' Bí ẹ ṣe pè mí ní Ngần, mo ti mọ̀ pé wọ́n ti lọ."

"O mọ̀," Khuyên wí, "o sì dìde lọ síwájú pẹpẹ?"

"Bàbá mi ń wò mí, Àǹtí. Bí mo bá sunkún, gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe á bàjẹ́." Omi ti ń dà lójú rẹ̀. "Mo kúnlẹ̀ títí ojú mi fi gbẹ."

"Ẹlẹ́sẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ," Khuyên wí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀, nítorí pé ìyá rẹ̀ gan-an nìyẹn, ìyá rẹ̀ gidi, tí kì í pe ẹnikẹ́ni lórúkọ tó ń jẹ́. Ẹ̀rín náà gùn, ó gùn, ó yí padà lẹ́nu rẹ̀. Ó yíjú sí ibùsùn, ó wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Màámi," ó pariwo, ohùn tirẹ̀ ni, ó ṣubú lé wọn láyà, ó sì sunkún.